ÀDÁ NI, IDÀ KỌ́: Èrò Mi Lórí Ohun Ìjà Àwọn Ajalèlókun

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa tún dé lọ́dún yìí, mo sì ní kí n má kọjá lọ láìfi iyọ̀ tèmi náà sí ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè má tó nǹkan lójú ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó dá lé lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, a ó rí i pé ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní sáà tó kọjá, wọ́n fún wa ní àyọkà kan lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìtàn àwọn ajalèlókun ni. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀gá wọn ti fa ohun ìjà yọ, 'cutlass' ni mo bá níbẹ̀. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi kọ 'àdá' sílẹ̀. Ṣé orúkọ tí gbogbo wa ń pe àdá lédè Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ní kí a mú un wá láti ilé láti fi ṣán koríko ọgbà. Àfi bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe bú sẹ́rìn-ín. 'Idà' ni gbogbo wọn kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ ní, "Ìwọ yìí, ṣé àwọn ajalèlókun fẹ́ ṣánko lórí omi ni?" Nígbà tí iṣẹ́ wa padà tẹ̀ wá lọ́wọ́, mo rí i pé wọ́n ti fi yíǹkì pupa fagi lé àdá mi, wọ́n kọ idà sí orí rẹ̀, máàkì méjì sì ti bá a lọ.

Máàkì méjì kò tó ohun tí ènìyàn ń sunkún lé lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo gba yàrá ìkàwé lọ, mo wá ìtàn ohun ìjà yìí kiri, ohun tí mo sì rí ni ó mú mi gbé gègé. Èrò tèmi ni pé àdá ni ohun ìjà yìí, kì í ṣe idà. Mo tún gbà pé bí a bá ń pè é ní idà, olè ni a ń gbé oyè fún, a sì ń fi ọwọ́ ara wa bo ìtàn àwọn ènìyàn wa mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: kí ni Yorùbá ń pè ní idà? Idà kì í lọ sí oko. Ènìyàn ni wọ́n rọ idà fún. Ó ní àkọ̀ tirẹ̀, ọwọ́ jagunjagun ni a sì ti ń bá a, tàbí ọwọ́ ìjòyè, tàbí ọwọ́ ọba. Ẹ rántí idà Ọ̀rànyàn, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń jẹ Aláàfin. Kódà àgèdèǹgbé, tí ó gùn tí ó sì tẹ̀, tí ojú kan ṣoṣo mú nínú rẹ̀ bíi ti àdá, ogun ni wọ́n rọ òun náà fún. Irinṣẹ́ ni àdá ní tirẹ̀. Bí ọjọ́ ìjà bá dé, ó lè di ohun ìjà. Bí ìjà bá tán, yóò padà sí oko. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì nìyí. Kì í ṣe gígùn, kì í ṣe mímú, bí kò ṣe iṣẹ́ tí a rọ wọ́n fún àti ọwọ́ ẹni tí ó ni wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun ìjà àwọn ajalèlókun. Orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó ẹ̀rí. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà. 'Coutelas' ni àwọn Faransé ń pè é, ìdí ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú 'cultellus' ti èdè Látìn, èyí tí í ṣe ọbẹ kékeré. Ẹ ò rí i pé ilé ọbẹ ni orúkọ náà ti wá, kò bá idà tan.

Ìtàn àwọn tí wọ́n lò ó tún jẹ́rìí sí i. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní erékùṣù Hispaniola, èyí tí orílẹ̀-èdè Haiti àti Dominican Republic jọ pín lónìí, àwọn ọkùnrin kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Faransé, tí wọ́n ń dọdẹ màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ tó ti di ẹran ìgbẹ́. Wọn a pa ẹran, wọn a kun ún, wọn a sì yan án lórí àtẹ igi tí wọ́n ń pè ní 'boucan'. Orúkọ àtẹ yìí ni ó di orúkọ wọn, 'boucanier'. Àwọn Sípéènì tí wọ́n ní àwọn ni àwọn ni ilẹ̀ náà ń lé wọn kiri, wọ́n sì ń pa ẹran inú igbó run kí ebi lè lé wọn lọ. Ebi lé wọn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú òkun ni ó lé wọn sí. Ìbọn ọdẹ àti irin ìkunran wọn ni wọ́n gbé dání. Exquemelin, oníṣẹ́-abẹ tí ó bá wọn rìn, tí ó sì tẹ̀ lé Henry Morgan dé Panama ní 1671, kọ ìwé nípa wọn tí a tẹ̀ jáde ní Amsterdam ní 1678. Ọdẹ àti alápatà ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí kí wọ́n tó di olè.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Nígbà tí wọ́n ti di olè, tí wọ́n ti lówó, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n ra idà gidi?" Ọkọ̀ ojú omi ni kò jẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń jà há, okùn sì pọ̀ lókè, ní ẹ̀gbẹ́, àti ní ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fa idà gígùn yọ níbẹ̀, okùn ni yóò máa bá jà. Ìbọn ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń dún kí a tó tún un kì. Bí ó bá ti dún tán, ohun tó kúrú, tó wúwo, tó mú, ni ènìyàn nílò. Irin kan náà yẹn ni wọn yóò fi gé okùn ìgbòkun ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, òun ni wọn yóò fi la àpótí. Kò sì gba ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ọlọ́lá Yúróòpù ń sanwó fún olùkọ́ kí wọ́n tó mọ idà lò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gé igi rí ti mọ àdá lò ná.

Sinimá ni ó kó bá wa. Láti ìgbà Captain Blood ní 1935 títí dé Pirates of the Caribbean tí ó jáde ní 2003, ohun tí a ń wò ni àwọn ọkùnrin tí ń fi idà jó síwájú sẹ́yìn bí ẹni tó wà lágbo ijó. Ìjà gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 1718, nígbà tí Robert Maynard, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, bá Edward Teach jà ní Ocracoke ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Blackbeard, ọgbẹ́ ìbọn márùn-ún àti ọgbẹ́ irin bí ogún ni wọ́n kà lára òkú rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ṣé ijó nìyẹn àbí pípa ẹran?

N kò ní ṣe bí ẹni pé ẹ̀rí tèmi nìkan ni ó wà. Àwọn tó fagi lé àdá mi náà ní àwíjàre. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gba ohun ìjà yìí wọ iṣẹ́ ogun ojú omi. Ní 1804, wọ́n ṣe irú kan fún àwọn atukọ̀ ogun wọn, tí abẹ rẹ̀ tọ́, tí irin sì bo èkù rẹ̀ kí ọwọ́ má ba à gé. Ọdún 1936 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ohun ìjà wọn. Èyí kò lọ sí oko rí, mo gbà. Bí ẹnìkan bá fẹ́ pe ti ìjọba ní idà, n kò ní bá a jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 'àdá ogun' ni èmi ìbá pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di 1804, ìgbà àwọn Blackbeard ti kọjá tipẹ́. A kò lè torí ọmọ yí orúkọ bàbá padà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ajalèlókun jìnnà sí wa. Ọkọ̀ Blackbeard, ọkọ̀ ẹrú ni tẹ́lẹ̀. La Concorde ni orúkọ rẹ̀, àwọn Faransé ni ó ni ín. Ní 1717, ènìyàn 516 ni ó kó ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin tó múlé gbè wá yìí, 61 nínú wọn sì kú sójú omi. Blackbeard gba ọkọ̀ náà nítòsí Martinique, ó sọ orúkọ rẹ̀ di Queen Anne's Revenge. Àwọn ènìyàn tí ó bá nínú rẹ̀ ńkọ́? Martinique náà ni wọ́n padà kó ọ̀pọ̀ wọn lọ tà. Ọkọ̀ Samuel Bellamy, tí ó rì ní etí òkun Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 1717, tí wọ́n sì rí àwókù rẹ̀ ní 1984, Whydah ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ Ouidah yìí kan náà ni.

Bartholomew Roberts, ọmọ Wales, ni ó wá bá wa dé ilé. Ọkàn lára òfin ọkọ̀ rẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù tọ́jú ìbọn àti àdá rẹ̀, kí ó mọ́, kí ó sì wà ní ìmúrasílẹ̀. Ní oṣù kìíní 1722, ó wọ èbúté Ouidah, ó bá ọkọ̀ mọ́kànlá níbẹ̀. Ó ní kí ọ̀gákọ̀ kọ̀ọ̀kan wá fi wúrà lúlú tí ìwọ̀n rẹ̀ tó pọ́n-ùn mẹ́jọ ra ọkọ̀ rẹ̀ padà. Gbogbo wọn san án, àfi ọ̀gá ọkọ̀ Porcupine. Ni wọ́n bá ní àwọn yóò sun ọkọ̀ náà. Bí ọgọ́rin ènìyàn aláwọ̀ dúdú ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ de wọ́n ní méjì méjì. Àwọn ajalèlókun rí i pé títú wọn yóò pẹ́, wọ́n sì ń kánjú. Wọ́n ti iná bọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó fò sómi, ẹja ńlá apànìyàn fà wọ́n ya.

Àdá wọn mú, nítorí òfin ni pé kí ó mú. Ọwọ́ wọn yá láti fi gé okùn ọkọ̀, láti fi la àpótí wúrà. Ṣùgbọ́n kò rí àyè fún ṣẹkẹṣẹkẹ ọgọ́rin ènìyàn. Nígbà tí ìbọn ńlá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pa Roberts nítòsí Cape Lopez ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún náà, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Cape Coast, wọ́n gbẹ́jọ́ wọn, wọ́n sì yẹgi fún 52. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí wọ́n lé ní ọgọ́ta, kò sí ẹni tó gbẹ́jọ́ wọn. Wọ́n tà wọ́n ni. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé olùdáǹdè ni àwọn ajalèlókun.

Síbẹ̀, àdá náà kò dúró sọ́wọ́ olè. Nínú oko ìrèké ní Kúbà, òun ni wọ́n kó lé àwọn ènìyàn wa lọ́wọ́ láti fi ṣe iṣẹ́ ẹrú. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 1843, ní oko Triunvirato ní Matanzas, obìnrin kan tí ń jẹ́ Carlota wà lára àwọn tó ṣáájú àwọn ẹrú dìde sí àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹrú. Carlota Lucumí ni ìtàn ń pè é. Lucumí sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní Kúbà. Wọ́n pa á nínú ìjà náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò parun. Ní 1975, nígbà tí Kúbà rán ọmọ ogun lọ sí Angola, orúkọ Carlota ni wọ́n fi pe iṣẹ́ náà. Ère tí wọ́n ṣe síbi ìjà ọ̀hún di àdá mú.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Àwọn kan ni ó fi àdá di olè, àwọn kan ni ó sì fi àdá wá òmìnira. Irin kan náà ni. Bí a bá kọ idà fún Blackbeard, tí a kọ àdá fún Carlota, ẹni tí yóò ka ìwé wa lọ́la yóò rò pé ọlọ́lá ni olè, ará oko lásán sì ni akọni. Bí a bá pe méjèèjì ní àdá, yóò rí i gbangba pé irinṣẹ́ kan náà ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ìwà ni ó yàtọ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá ni a di ìjánu náà mú.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, bí mo bá ṣì wí, ẹ fà mí létí, ọmọ yín ni mí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń túmọ̀ ìtàn àwọn ajalèlókun, ẹ fi idà sílẹ̀ nínú àkọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ní ti máàkì méjì mi tó lọ, mo ti fi ta ìtàn yìí lọ́rẹ.