Àwọ̀ Ìyẹ́ Kọ́ Ni Ìran Adìyẹ

Àwọn àgbà a máa sọ pé adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Òwe ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sin adìyẹ láti gba irú rẹ̀ yóò rí òtítọ́ mìíràn fà yọ níbẹ̀. Adìyẹ funfun kò mọ ogún tó wà nínú ara rẹ̀. Ẹni tó fi owó rà á kò sì lè mọ̀ ọ́n nípa wíwo ìyẹ́ nìkan. Ọjọ́ tó bá pamọ ni àṣírí yóò tú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú agbo ilé púpọ̀. Àkùkọ dúdú gun àgbébọ̀ dúdú, ẹyin pa, òròmọdìyẹ funfun kan sì yọjú láàárín àwọn dúdú. Ohun àkọ́kọ́ tí aráalé yóò sọ ni pé àkùkọ aládùúgbò ló fo ọgbà wọlé. Bí ó bá jẹ́ owó gọbọi ni wọ́n fi ra àwọn òbí náà gẹ́gẹ́ bí ògidì irú, ẹni tó tà wọ́n di oníjìbìtì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀sùn náà lè jẹ́ òtítọ́. Ó sì lè jẹ́ pé aláìṣẹ̀ ni wọ́n ń parọ́ mọ́, tí àkùkọ aládùúgbò kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Gregor Mendel, àlùfáà Kátólíìkì tó gbé ní ìlú Brno, ló kọ́kọ́ la ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀wà ló fi ṣe ìdánwò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1866. Ayé kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí títí di ọdún 1900. Nígbà tó di ọdún 1902, William Bateson ti Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi adìyẹ hàn pé òfin tí Mendel rí lára ewéko wà lára ẹran ọ̀sìn pẹ̀lú.

Òfin náà kò ṣòro láti lóye fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pín ogún. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbùdá, ìpín méjì ni ọmọ adìyẹ ń jẹ: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ohun tín-ín-tín tó ń gbé ogún yìí láti ara òbí dé ara ọmọ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Bí ìpín méjèèjì kò bá rí bákan náà, ọ̀kan lè borí èkejì, kí èyí tí wọ́n borí sì lúgọ. Ṣùgbọ́n ohun tó lúgọ kò kú. Àkùkọ dúdú lè gbé ìpín funfun kan pamọ́ sínú, kí àgbébọ̀ dúdú náà gbé ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá wá ṣe kòńgẹ́ ìpín funfun méjèèjì, funfun ni yóò yọ. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá bí, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé kí ó funfun. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ funfun nínú gbogbo ẹyin mẹ́rin o. Adìyẹ lè pa mẹ́wàá láìsí funfun kankan níbẹ̀, kí mẹ́ta sì jáde nígbà tó bá tún sàba.

Bí funfun kan ṣe ń lúgọ ni òmíràn ń jọba. Funfun tó wà lára adìyẹ Leghorn a máa borí àwọ̀ yòókù, nígbà tí irú tó wà lára ọ̀pọ̀ adìyẹ Plymouth Rock funfun jẹ́ èyí tó ń lúgọ. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì. Bí olùsìn bá fi ògidì ọ̀kan gun ògidì èkejì, àwọn ọmọ yóò funfun, bí àmì díẹ̀díẹ̀ tilẹ̀ wà lára òmíràn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ náà bá gun ara wọn, nínú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n bá bí, ìṣirò fi hàn pé nǹkan bíi mẹ́tàlá yóò funfun, mẹ́ta yóò sì ní àwọ̀ mìíràn. Bàbá funfun, ìyá funfun, bàbá àgbà funfun, ìyá àgbà funfun, síbẹ̀ ọmọ pupa tàbí dúdú lè jáde láìsí panṣágà kankan.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ìpín tó ń borí èkejì pátápátá. Àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ fẹ́ràn jù ni adìyẹ Andalusia ti ilẹ̀ Sípéènì, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú tàbí aṣọ aró tó ti ṣá. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn olùsìn ti fi ń du bí adìyẹ aláwọ̀ eérú yóò ṣe máa bí kìkì aláwọ̀ eérú, wọn kò rí i ṣe. Bateson àti Reginald Punnett, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Àwọ̀ eérú ni èyí tó ń jáde nígbà tí ìpín dúdú kan àti ìpín funfun alámì kan bá pàdé. Bí aláwọ̀ eérú bá gun aláwọ̀ eérú, ìdajì àwọn ọmọ yóò jọ wọ́n, ìdá mẹ́rin yóò dúdú, ìdá mẹ́rin yóò funfun pẹ̀lú àmì tó fọ́n ká. Ẹni tó bá ń fẹ́ kìkì aláwọ̀ eérú, dúdú ni yóò fi gun funfun alámì. Àwọn méjì tí olùsìn ì bá kó lọ sọ́jà pé wọn kò dára ni wọn yóò fún un ní gbogbo ohun tó ń wá.

Irú òfin kan náà ló dé adìyẹ aṣa tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń ká sẹ́yìn bí ẹni pé ìjì jà á. Ìpín aṣa kan ti tó láti ká ìyẹ́. Walter Landauer àti L. C. Dunn fi yé ayé ní ọdún 1930 pé èyí tó bá jẹ ìpín aṣa méjì kì í gbádùn ara: ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó ń ṣẹ́, òmíràn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ràn adìyẹ aṣa kò gbọdọ̀ máa fi aṣa gun aṣa. Kí ó fi aṣa gun adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ìdajì ọmọ yóò jẹ́ aṣa, ìdajì yóò jẹ́ onífẹlẹ́fẹlẹ́, gbogbo wọn yóò sì ní aṣọ lára.

Ibi tí àìmọ̀ ti ń mú owó lọ jù ni ọ̀rọ̀ adìyẹ àgíríkì ayéyin. Lórí àwọn àwọ̀ kan, àkùkọ ní ìpín méjì, ṣùgbọ́n abo ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan yìí, ọmọ rẹ̀ akọ nìkan ló ń fún. Ọmọ abo ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, nígbà tí oúnjẹ wọ́n, Punnett lo ìmọ̀ yìí láti fi àwọ̀ ya akọ kúrò lára abo ní gbàrà tí wọ́n bá pa. Títí di òní, lórí rẹ̀ ni òwò òròmọdìyẹ dúró. Láti gba adìyẹ pupa rúsúrúsú ayéyin, àkùkọ tó ní ogún wúrà ni wọ́n ń fi gun abo tó ní ogún fàdákà. Fàdákà ń borí wúrà, nítorí náà akọ tó bá jáde yóò funfun, abo yóò pupa. Nera dúdú náà kò yàtọ̀: àkùkọ pupa gun abo abilà, akọ tó bá jáde yóò ní àmì funfun lórí, abo yóò dúdú. Ìdí nìyẹn tí oníṣòwò fi lè ta abo lówó gọbọi, kí ó sì ta akọ ní ẹ̀dínwó lọ́jọ́ kan náà.

Olùsìn a wá ra abo pupa, yóò rí i bí ó ṣe ń yé, yóò sì rò pé kí òun má ra mìíràn mọ́. Yóò wá àkùkọ funfun tí wọ́n jọ pa, yóò ní kí wọ́n gun ara wọn. Àwọn ọmọ yóò jáde: nínú akọ, ìdajì funfun, ìdajì pupa, nínú abo, bẹ́ẹ̀ náà. Àwọ̀ kò lè fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo mọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé yóò bọ́ wọn fún nǹkan bí oṣù márùn-ún kí ó tó mọ̀ pé ọ̀kan ń yé dáadáa, èkejì ń yé ségesège, ẹ̀kẹta kàn ń jẹun lásán. Adìyẹ àdàlù ni ìyá wọn. Inú agbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣa àwọn òbí rẹ̀ fún ìran púpọ̀. Agbo méjèèjì sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà wọ́n. Ohun tí olùsìn rà kì í ṣe irú, èso ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ní irú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sùúrù àti ìwé ṣe é. Kí ó fi òrùka sí ẹsẹ̀ adìyẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó rántí pé abo adìyẹ lè gbé àtọ̀ àkùkọ sínú ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nítorí náà, bí ó bá pààrọ̀ àkùkọ, kí ó dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó kó ẹyin fún ìsàba. Ọ̀pọ̀ ògidì irú ló bàjẹ́ níbi ìkánjú yìí. Bí ó bá ń fura pé àkùkọ dúdú kan gbé funfun tó ń lúgọ pamọ́, kí ó fi gun abo tó ní irú funfun bẹ́ẹ̀. Ọmọ funfun kan ṣoṣo ti tó ẹ̀rí. Bí ọmọ méje bá jáde láìsí funfun kankan, ìṣirò fi hàn pé ìdá kan péré nínú méjìdínláàádóje ni ó kù pé àkùkọ náà ń tan ni jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan adìyẹ ìbílẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Adìyẹ tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ń fi ọrùn náà tu ooru ara dànù, ó sì ń fara da oòrùn ju ọ̀pọ̀ àlejò lọ. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta mọ iyì irú adìyẹ bẹ́ẹ̀. Inú adìyẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ṣa irú tí wọ́n pè ní FUNAAB Alpha, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ní abúlé, bí àkùkọ àgíríkì bá ti wọ agbo, èyí tó tóbi ni wọ́n ń dá sí, èyí tí ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa jẹ. Ogún tó ń lúgọ ṣì lè padà wá. Èyí tí wọ́n ti jẹ tán nínú ọbẹ̀ kò ní ọmọ tí yóò gbé e padà.