Oṣó Òyìnbó Wọlé, Tiwa Dúró Síta

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa ní Woolwich àti Thamesmead, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Láti ọdún 1997 tí ìwé Harry Potter àkọ́kọ́ ti jáde ni a ti ń ra ìtàn ọmọ oṣó fún àwọn ọmọ wa. Wọ́n ń gun ìgbálẹ̀ fò, a ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá dárúkọ Àkàrà-oògùn, ọmọ àjẹ́ inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, a ó pariwo, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Kí ló dé? Olùkọ́ onígbàgbọ́ ni D. O. Fágúnwà tí ó kọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ni ó sì tẹ̀ ẹ́ ní 1938.

Òbí tí ó bá kọ méjèèjì, a kò bá a jà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Àwa tí a gba ọ̀kan, tí a lé èkejì, ni ẹjọ́ wà lọ́rùn wa. Ohun tí a ń kọ́ ọmọ ọdún 10 ni pé idán Gẹ̀ẹ́sì, eré ni. Ti Yorùbá, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí ó bá dàgbà tí ó ń sá fún èdè wa, ta ni ó kọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí a máa ka Fágúnwà fún wọn lálẹ́ Sátidé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.