Gígé Ṣéènì Kúrú Kì Í Ṣe Àtúnṣe

Bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ bá ti dẹ̀, tó ń yọ ṣáá, ọ̀pọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á fi òòlù lu píìnì jáde, wọ́n á yọ oríkèé méjì, wọ́n á so ìyókù pọ̀. Ó ti le nìyẹn! Oníkẹ̀kẹ́ á sanwó, á gùn ún lọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi padà wá.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ṣéènì ń fà bíi rọ́bà. Irọ́ ni. Inú oríkèé ló ti ń gbó: píìnì ń jẹ, ihò tó wọ̀ ń fẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń da òróró ẹ́ńjìnnì dúdú sí i, tí iyanrìn ń lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín píìnì kan sí èkejì, ìlàjì íǹṣì ló yẹ kó wà. Oríkèé tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kan lé ní 100, gbogbo wọn ló sì ń jẹ. Ẹni tó yọ méjì nínú wọn, kí ló ṣe fún àwọn tó kù?

Rúlà ló máa parí ìjà yìí. Àlàfo 24 lára ṣéènì tuntun jẹ́ íǹṣì 12 géérégé. Lórí kẹ̀kẹ́ onígíà, bó bá ti fi 1/16 íǹṣì lé, ó tó pààrọ̀. Bó bá fi 1/8 lé, ó ti ba eyín irin ara táyà ẹ̀yìn jẹ́, ó ti sọ wọ́n di ṣóńṣó bí èékánná àṣá. Ṣéènì tuntun tí wọ́n bá gbé lé irú eyín bẹ́ẹ̀ á máa fò nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà gidi lórí òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bú ṣéènì aláìṣẹ̀ pé ayédèrú ni! Eyín ẹ̀yìn onígíà sì máa ń wọ́n ju ṣéènì lọ.

Ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí kò ní gíà yàtọ̀ díẹ̀. Ṣéènì àti eyín rẹ̀ á jọ gbó, wọ́n á sì mọwọ́ ara wọn. Bí kò bá tíì máa fò, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n fà á sẹ́yìn, ó tó. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Kí ọ̀gá tó gbé òòlù, ẹ ní kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.