Arúgbó Kọ́ Ni Joshua Nà

Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín sọ pé ariwo lásán ni ìjà ẹ̀ṣẹ́ Anthony Joshua àti Klitschko ní Wembley, pé arúgbó ni ọmọ Ṣágámù nà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́, Klitschko ti pé ọmọ ọdún 41 ní oṣù Kẹrin ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ta ló gbé Joshua ṣánlẹ̀ ní abala kẹfà? “Arúgbó” yìí náà ni! Lẹ́yìn abala kẹwàá, ọ̀kan nínú adájọ́ mẹ́ta ṣì fún un ní 95 sí 93. Abala kọkànlá ni Joshua tó dá a wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí rẹfirí tó dá ìjà dúró. Ẹni tó bá fẹ́ bú Joshua, kó mú ìjà Andy Ruiz ti ọdún 2019. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣubú níbẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìṣẹ̀rí-Olófin, Èkó