Ọmọ Kamina àti píánò ilé ẹ̀kọ́ gíga

Lọ́dọọdún, nígbà tí èsì ìdánwò Bac bá jáde, ẹnu ọ̀nà àwa òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kì í dá. Àwọn òbí a máa gbé ìwé ọmọ wọn wá kí a bá wọn kà á, kí a sì gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ohun tí ọmọ náà yóò kọ́. Ìmọ̀ òfin, ìṣirò owó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ olùkọ́: ìwọ̀nyí kò ṣòro fún wa láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ìyá kan ní Kamina, tí ó ń ta gàrí ní ọjà Atakpamé, béèrè ohun tí ó mú mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ lọ kọ́ píánò ní yunifásítì. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ dákun, ṣé ènìyàn ń fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kọ́ ohun tí ọmọ mi ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi láìgba kọ́bọ̀?”

Kì í ṣe ìbéèrè tí a lè fi ẹ̀rín dáhùn. Ilẹ̀ oko tí bàbá ọmọ náà fi sílẹ̀ ni ó fẹ́ tà láti rí owó san. Ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ ti ta ohun tí kò ní í padà. Mo ṣèlérí fún un pé n ó wádìí, mo sì rò pé ó dára kí ẹ̀yin òǹkàwé wa náà gbọ́ ohun tí mo rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní píánò. Àwọn àgbà wa mọ dùùrù ilé ìjọsìn àtijọ́, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí nínú kí ó tó lè dún. Píánò kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpótí rẹ̀ ni okùn irin tí ó lé ní 200 wà, tí a fà le gidigidi. Àwọn òòlù kéékèèké tí a fi irun àgùntàn tí a kì pọ̀ bò lórí wà níwájú àwọn okùn náà. Nígbà tí ìka bá tẹ ọ̀kan nínú àwọn igi pẹlẹbẹ tí ó wà lójú píánò, òòlù kan a ta sókè, a sì lu okùn tirẹ̀. Àwọn igi pẹlẹbẹ wọ̀nyí jẹ́ 88. 52 jẹ́ funfun, 36 sì jẹ́ dúdú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé lílù ni a ń lu píánò gẹ́gẹ́ bí a ti ń lu ìlù kò ṣìnà rárá.

Kíbọ́ọ̀dù ni ọmọ ìyá yìí ń tẹ̀. Iná mànàmáná ni kíbọ́ọ̀dù ń lò. Púpọ̀ nínú èyí tí a ń rí lọ́jà kò ní ju igi 61 lọ, wọ́n sì fúyẹ́ lábẹ́ ìka. Ẹni tí ó ti fi ọdún márùn-ún lo irú rẹ̀, tí ó wá jókòó sídìí píánò gidi, yóò dà bí ẹni tí ó ti ń fi ọmọ odó kékeré gún ata, tí a wá gbé ọmọ odó iyán lé lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yóò tètè rẹ̀ ẹ́. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n kí ó tó lọ.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ ní yunifásítì? Ní Nàìjíríà ni mo ti rí àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ. Ní 1961 ni Yunifásítì Nsukka ṣí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin. Lónìí, wọ́n ń kọ́ni ní orin ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ àti ti Èkó pẹ̀lú. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a yan ohun èlò kan tí yóò jẹ́ olórí fún un. Bí ó bá jẹ́ píánò, òun àti olùkọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa jókòó papọ̀. Kì í ṣe bí kíláàsì tí ọgọ́ta ọmọ ti ń tẹ́tí sí ẹnì kan. Olùkọ́ a wo bí ó ti jókòó, a wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, a béèrè ìdí tí ó fi fi ìka kẹta tẹ ibi tí ó yẹ kí ó fi ìka kejì tẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ yóò lọ dánìkan jókòó sí yàrá ìdánrawò, yóò máa tún ohun kan náà ṣe títí tí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìbi ojú léèrè. Ní ìparí sáà, àwọn olùkọ́ mélòó kan yóò jókòó, òun yóò sì tẹ̀ ẹ́ níwájú wọn. Yóò tún kọ́ ìtàn orin, bí ohùn ṣe ń bá ohùn mu, àti bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tí ohun èlò tirẹ̀ jẹ́ fèrè tàbí ohùn ẹnu pàápàá kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ píánò, nítorí pé orí píánò ni ènìyàn ti lè fi ojú rí ohùn orin gbogbo, tí ó sì lè gbọ́ mẹ́rin nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kan wà tí a gbọ́dọ̀ gbà wọlé, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ Kamina ti le. Mo gbé ìwé orin kan síwájú rẹ̀: ìlà márùn-ún, àwọn àmì dúdú lórí wọn. Ó wò ó gẹ́gẹ́ bí a ti ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí iyẹ̀pẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ó bá gbọ́ orin kan lẹ́ẹ̀kan péré, yóò tẹ̀ ẹ́ láìṣìṣe. Ṣé òpè ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ tó já gaara ní ìgbìmọ̀ ìlú fún ogún ọdún kí ẹ tó lè kọ orúkọ ara yín, ẹ mọ ìdáhùn náà jù mí lọ. Etí rẹ̀ ti kàwé; ojú rẹ̀ ni kò tíì kà. Èrò tèmi ni pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kò tíì fi etí bẹ́ẹ̀ sí ipò tí ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èrò mi kò lè mú ọmọ náà gba ìdánwò ìwọlé kọjá.

Ohun tí ó yẹ kí ó fún wa ní ìgboyà ni pé ẹ̀yin òǹkàwé ti mọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ nípa ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ àmì ohùn, dò, re, mí ni olùkọ́ yín fi kọ́ yín.  Ọgọ́rùn-ún méjì ni igba. Igbá ni a fi ń bu omi. Ìgbà ni àkókò. Ìgbá sì ni èyí tí a ń fi se ọbẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ni ó yà wọ́n. Ọkùnrin ará Ítálì kan tí ó ń jẹ́ Guido, ti ìlú Arezzo, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ fún ìsìn, ni ó fi irú àwọn orúkọ yìí lélẹ̀ ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ut ni ó pe èyí tí a ń pè ní do lónìí. Ó rí i pé àwọn akọrin òun ń pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ orin sórí, ó sì fẹ́ kí wọ́n lè kọ orin tí wọn kò gbọ́ rí. Lójú tèmi, òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni bàbá náà.

Èdè wa tí ó jẹ́ èdè olóhùn yìí náà ni ó mú kí ọ̀rọ̀ píánò di ọ̀rọ̀ ńlá láàárín wa. Nígbà tí àwọn oníwàásù òyìnbó mú orin ìsìn wọn wá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú rẹ̀. Orin a máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí a fi ń kọ ohun tí a kò ní lọ́kàn. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Krístì ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ephraim Amu, ọmọ Ewé láti Peki ní Gánà, bá irú ìṣòro yìí jà ní èdè tirẹ̀. Ní 1933 a lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nítorí pé ó ń wọ aṣọ ìbílẹ̀, tí ó sì ń fẹ́ kí orin ilẹ̀ rẹ̀ wọ ilé ìjọsìn. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1937 láti tún orin kọ́ sí i, ó padà wá, ó sì ń kọ́ni títí ó fi darúgbó.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ọmọ ìyá yẹn mọ̀ dáadáa ni Akin Euba. Èkó ni a ti bí i ní 1935. Ní 1952 ó lọ kọ́ píánò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí gíga. Ì bá dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó padà sẹ́yìn lọ jókòó ti àwọn onílù. Orí ìlù dùndún ni ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé, èyí tí ó gbà ní Yunifásítì Gánà ní Legon ní 1974. Ohun tí ó ń sọ ni pé píánò, nítorí pé ohun lílù ni, sún mọ́ àwọn ohun èlò wa ju bí a ti rò lọ: ọwọ́ òsì lè máa ṣe bí ìlù tí ó di ìpìlẹ̀ mú láìyẹsẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún máa sọ̀rọ̀ bí ìyá ìlù. Ó kọ orin fún píánò ní ọ̀nà yìí, ó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti Èkó, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní 2020. Nítorí náà, ìyá olóko, kì í ṣe orin ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ń fi ọdún mẹ́rin kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò dùn náà. Ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan sí ọmọ kan gbówó lórí. Píánò pẹ̀lú kò fẹ́ ojú ọjọ́ wa: lákòókò òjò igi rẹ̀ a wú, nígbà ọyẹ́ a gbẹ, ohùn a sì yà. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tún un ṣe sì ṣọ̀wọ́n.

Àwa ará Kamina ní ìdí láti ro èyí wò. Láti 1911 ni ilé-iṣẹ́ Telefunken ti Jámánì ti ń kọ́ ibùdó rédíò alágbára sí ọ̀dọ̀ wa. Láti ibẹ̀ ni wọ́n fi ń bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí ó ju 5,000 kìlómítà lọ. Ọmọ ilẹ̀ ni ó fi orí ru irin. Àwọn ẹlẹ́rọ wá láti Yúróòpù. Nígbà tí ogun dé, àwọn Jámánì fúnra wọn ba ibùdó náà jẹ́ lóru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1914, kí ọ̀tá má baà gbà á. Àwókù rẹ̀ ni a ń fi han àlejò lónìí. Píánò tí a bá gbé wá láìkọ́ ọmọ ilẹ̀ kankan láti tún un ṣe yóò di irú àwókù bẹ́ẹ̀, kí ogun tó dé rárá. Bí mo bá jẹ́ ọmọ ọdún 20, iṣẹ́ títún ohùn píánò ṣe ni n ó kọ́ mọ́ títẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí, iṣẹ́ wo? Ṣíṣe olùkọ́ ni ó pọ̀ jù, pẹ̀lú dídarí ẹgbẹ́ akọrin àti iṣẹ́ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Owó rẹ̀ kì í wọlé déédéé ní ìbẹ̀rẹ̀. Èdè tún wà ńbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní Nàìjíríà àti ní Gánà. Yorùbá ọmọ Kamina yóò ràn án lọ́wọ́ ní ọjà Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwa Ifẹ̀ ti Atakpamé gbà pé a ti ṣẹ̀ wá. Kò ní í ràn án lọ́wọ́ nínú yàrá ìdánwò.

Mo padà lọ bá ìyá náà. Mo ní kí ó má ta ilẹ̀ lọ́dún yìí. Kí ọmọ fi ọdún kan kọ́ bí a ti ń ka orin àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì wá ibi tí píánò gidi wà tí yóò máa fi ìka kan án, ìbáà ṣe ní Lómé. Bí ojú rẹ̀ bá ti lè bá etí rẹ̀ dọ́gba, kí a tún jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Inú ọmọ náà kò dùn. Ìyá ní òun yóò ronú sí i. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e, ó wá sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà wa, ó jókòó sẹ́yìn, ó fi rúlà fa ìlà márùn-ún márùn-ún sínú ìwé ìdárayá rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi lórí ìlà wo ni sol ń jókòó sí.