Ẹ Ka Ìwé Náà Tán Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́jọ́

Bí ìwé ìròyìn bá gbé e jáde pé Làmọ́rín jí ewúrẹ́, tí Làmọ́rín sì mú ẹlẹ́rìí wá pé òun kò sí nílùú lọ́jọ́ náà, olóòtú á wá àyè kan tí yóò ti tọrọ àforíjì. Ó mọ̀ pé ilé ẹjọ́ wà. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìròyìn kan náà bá gbé e jáde pé ìwé tí Làmọ́rín kọ sọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, èsì tí Làmọ́rín máa gbọ́ ni pé, "Èrò alágbéyẹ̀wò nìyẹn, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i." Èsì yìí ni mo torí ẹ̀ kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí. Ohun tó wà nínú ìwé kì í ṣe èrò ẹnikẹ́ni. Ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀, ẹni tó bá mọ̀wé kà lè ṣí i wò.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ ìtàn àròsọ kan nípa obìnrin aláró tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí ọkọ sì lé jáde nílé. Ìwé ìròyìn kan gbé àgbéyẹ̀wò rẹ̀ jáde. Ẹni tó kọ ọ́ ní mo fún obìnrin náà ní májèlé mu ní orí kẹsàn-án, ó sì bá mi wí gidigidi pé ikú opó ni àwa òǹkọ̀wé Yorùbá máa ń fi parí ìtàn. Obìnrin náà kò kú. Májèlé wà nínú orí kẹsàn-án lóòótọ́: wọ́n gbé e fún un, ó fura, ó sì dà á sílẹ̀. Torí ìdàsílẹ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe kọ ìwé náà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá obìnrin tó lè dà á sílẹ̀.

Mo kọ̀wé sí olóòtú lẹ́ẹ̀mejì, kò fèsì. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra mi, wọ́n gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ èrò alágbéyẹ̀wò yẹn fún mi. Ní ọdún kejì, níbi ìpàdé kan tí wọ́n pè mí sí, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ẹ fi pa obìnrin yẹn?" Kò ka ìwé náà. Olùkọ́ wọn ló da àgbéyẹ̀wò yẹn kọ sójú pátákó, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ sórí nítorí ìdánwò.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wo ni òtítọ́ fẹ́ fi rìn bí olóòtú bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyókù. Àgbéyẹ̀wò yẹn kan náà ní orí karùn-ún títí dé ìkeje ìwé mi, ìwàásù ni, pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ dákẹ́ kí èmi lè máa sọ̀rọ̀. Èyí dùn mí ju ti májèlé lọ. Inú bí mi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí mo wá tún orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ wọ́n, ìwàásù ni wọ́n lóòótọ́. N kò bèèrè pé kí olóòtú ṣe àtúnṣe kankan sí èyí, n kò sì ní í bèèrè láéláé, kódà ká ní alágbéyẹ̀wò náà ṣì í wí. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra ìwé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kò dùn. Ẹ̀tọ́ tí òǹkọ̀wé ní kò ju pé kí a má parọ́ mọ́ ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Amos Tutuola, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1920. Ikú bàbá rẹ̀ ló dá ìwé kíkà rẹ̀ dúró. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó fi iṣẹ́ bàbà rírọ sin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ogun sì parí, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló rí ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Ìránṣẹ́ yìí ló kọ The Palm-Wine Drinkard: ọ̀mùtí kan tí bàbá rẹ̀ fún ní oko olópẹ 560,000 àti adẹ́mu kan, tí adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, tí ọ̀mùtí wá forí lé ìlú àwọn òkú láti lọ wá a. Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ ní London ní 1952. Ní oṣù Keje ọdún náà, Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer.

Nílé ńkọ́? Inú bí àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Ní 1954, lẹ́tà wọn jáde nínú ìwé ìròyìn West Africa. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́. Ó dáa, ìdájọ́ nìyẹn, kálukú lè dá tirẹ̀; lójú tèmi, èdè Yorùbá ló ń sọ, ó kàn wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ní àwọn òyìnbó á máa rò pé bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn. Ìyẹn ò kan ìwé náà rárá. Ìtìjú ẹni tó kọ lẹ́tà ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní ọwọ́ D. O. Fágúnwà, tó ń kọ ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá, ló ti kó o, pé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti wà láti 1938. Èyí kì í ṣe ìdájọ́ mọ́. Ẹ̀sùn ni, ẹ̀sùn sì ń fẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tó bá ka ìwé méjèèjì á rí i pé Tutuola mu nínú omi Fágúnwà, á sì rí i pé àwọn méjèèjì pọnmi nínú odò àlọ́ tó ti ń ṣàn kí a tó bí wọn. Èwo ló jẹ́ ti Fágúnwà, èwo ló jẹ́ ti gbogbo ayé, èwo ló jẹ́ ti Tutuola fúnra rẹ̀? Ojú ewé wo? Ìbéèrè tó yẹ kí a ti bi ẹni tó bá mú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wá nìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìyìn pàápàá lè ṣi ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ òyìnbó yin Tutuola bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́, tí kò ní bàbá tí kò ní ẹ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ ìtàn kíkọ, nítorí wọn kò lè ka Fágúnwà. Ọdún 1968 ni Wọlé Ṣóyínká tó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn.

Kí ni Tutuola ṣe sí gbogbo èyí? Ó kọ òmíràn. Ìwé rẹ̀ kejì jáde ní 1954 tí ariwo ń lọ lọ́wọ́, Simbi tẹ̀ lé e ní 1955, òmíràn ní 1958, ní 1962, ní 1967. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn ọ̀mùtí náà sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá, ó pè é ní Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, ìtàn náà sì padà wálé sínú èdè tí a ti kọ́kọ́ rò ó. Ní 1977, Chinua Achebe sọ àsọyé lórí ìwé náà ní Ìbàdàn, ó fi yé àwọn tó gbọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti fàájì ni ó dá lé, pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ ni ìtàn náà mú rìn títí tó fi gbọ́n. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ gba Tutuola lálejò gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Ó kú ní 1997.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí sọ fún yín pé sùúrù ti tó. Láti 1954 sí 1977, ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ẹ wá wo ti Ṣóyínká. Nígbà tí alámèyítọ́ Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fẹ̀sùn kàn án pé ewì rẹ̀ le koko láìnídìí, pé ó ń sín àwọn òyìnbó jẹ, ó fún wọn lésì nínú ìwé ìròyìn Transition ní 1975, èsì náà sì gbóná. Àwọn alámèyítọ́ yẹn tilẹ̀ gba orúkọ ọkọ̀ onípákó ilẹ̀ wa fún ara wọn, bọ́lẹ̀kájà, wọ́n sì sọ àríyànjiyàn wọn di ìwé ní 1980. Ìjà náà le, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ewì tí wọ́n ń bá wí kalẹ̀, Ṣóyínká sì dá wọn lóhùn lórí rẹ̀. Òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ṣóyínká ní ibi tí ó ti lè fèsì. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì tó bá kọ ìwé kò ní. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí àyè láti tún irọ́ ṣe má jẹ́ ti olókìkí nìkan.

Àwa òǹkọ̀wé náà ní ẹ̀bi. A ti fi ìkójáde ìwé ba ara wa jẹ́. A háyà gbọ̀ngàn, a to àga àwọn ọlọ́lá síwájú, a pe ọ̀mọ̀wé kan kó wá gbé ìwé yẹ̀ wò, ìwé sì lè má tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí di ọjọ́ méjì sí àjọ̀dún. Kí ni yóò sọ? Á yin òǹkọ̀wé, á yin bàbá òǹkọ̀wé, á ní kí gbogbo ilé ní ìwé náà, kí ó lè rọ àwọn tó fẹ́ nawó lọ́rùn láti nawó. A pe èyí ní àgbéyẹ̀wò. Ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ tó bá ka ìlà kan tó ní ìwé òun kò já mọ́ nǹkan, ìbéèrè rẹ̀ ni, "Ta ló rán an?" Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ka ìwé náà, kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Bí ó bá ti di pé a bú ìwé rẹ, má fèsì lọ́jọ́ yẹn. Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ó tún mọ́ lẹ́ẹ̀melòó kan. Lẹ́yìn náà mú bírò, fàlà sí ìdí ohun tí alágbéyẹ̀wò sọ pé ó wà nínú ìwé, tí kò sí níbẹ̀. Bí ìlà kan kò bá sí, gbé e sílẹ̀, kí o wá iṣẹ́ míì ṣe. Bí ó bá wà, kọ lẹ́tà kan ṣoṣo: ojú ewé báyìí, gbólóhùn báyìí, ó tán. Má mẹ́nu kan ìlú alágbéyẹ̀wò tàbí ilé ìwé tó lọ. Má rán ọ̀rẹ́ kó lọ bá ọ bú u. Kí o sì yẹ ìwé tìrẹ wò kí o tó bínú, nítorí mo ti rí ìwé Yorùbá tí ilé ìtẹ̀wé yọ gbogbo àmì rẹ̀ kúrò. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti oko, bákan náà ni wọ́n rí. Bí alágbéyẹ̀wò bá wá sọ ọkọ di ọkọ̀, ọwọ́ ta ni ẹ̀bi wà?

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ̀bẹ̀ wa kò le. Kí gbogbo àgbéyẹ̀wò tó bá sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ìwé máa dárúkọ ojú ewé. Bí alágbéyẹ̀wò bá jẹ́ ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé, tàbí tí wọ́n bá sanwó fún un, ẹ sọ ọ́. Bí àṣìṣe bá wáyé, ẹ tẹ àtúnṣe rẹ̀ sí ojú ìwé tí àgbéyẹ̀wò ti jáde gan-an. Èyí tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àtúnṣe wà lókè rẹ̀, kí ẹni tó bá ṣí i kọ́kọ́ rí i. Ẹ sì sanwó fún àwọn alágbéyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà ju ẹ̀dà ìwé kan lọ. Ẹ ò lè fún ènìyàn ní ìwé olójú ewé 300 láìfún un ní kọ́bọ̀, kí ẹ sì máa retí pé kí ó kà á dé òpin.

Ọdún kẹfà rèé tí àgbéyẹ̀wò ìwé tèmi ti jáde, wọ́n sì ṣì ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Àtúnṣe tí mo ń bèèrè kò kọjá ìlà kan: obìnrin náà kò mu májèlé, ó dà á sílẹ̀, ojú ewé 143.