Olè Wọlé, Ẹ Figbe Ta!

Ilé iṣẹ́ tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá kó àkọsílẹ̀ oníbàárà rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ figbe ta kíákíá. Kò sí ọ̀nà méjì. Àmọ́ ọ̀gá oníṣòwò kan dìde níbi ìpàdé kan láìpẹ́, ó ní ọlọ́gbọ́n kì í polongo àdánù: kí ilé iṣẹ́ tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, kí wọ́n sì panu mọ́, nítorí ariwo ló ń lé oníbàárà, kì í ṣe olè. Àwọn tó jókòó ń mi orí sí i.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí dé ọjà Ọ̀fàdà. Ẹni tó bá ti jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà ayé àtijọ́ mọ òkúta wẹẹrẹ tó máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Olóúnjẹ tó mọ̀ pé òkúta ṣẹ́ kù nínú ìkòkò òun, tó wé e sínú ewé, tó bu ọbẹ̀ ata sí i, tó gbé e fún oníbàárà láìsọ nǹkan kan, eyín ẹlẹ́yín ló fi ń ṣòwò. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọlọ́gbọ́n lọ́jà yẹn. Wọ́n á pariwo lé e lórí. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan wọ kóòtù, kó so táì, kó wá sọ ohun kan náà nínú gbọ̀ngàn tó tutù, àwọn ènìyàn á máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Ìwà ẹni tó fẹ̀jẹ̀ sínú, tó ń tutọ́ funfun, ni wọ́n ń pè ní ọgbọ́n.

Ó ní ariwo ló ń lé oníbàárà. Ta ló sọ fún un pé oníbàárà kò ní gbọ́? Ẹni tó jí orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì (BVN) ènìyàn fẹ́ lò ó ni, tàbí kó tà á. Lílò rẹ̀ kò sì ṣòro. Á pe ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, á pè é ní orúkọ mọ́ orúkọ bàbá, á sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, á ní láti báǹkì lòun ti ń pè, kí Màmá jọ̀ọ́ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Bí báǹkì bá ti kìlọ̀ fún ìyá yìí láàárọ̀ pé olè ti mọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìpè yẹn á já sí asán. Ìdákẹ́ ilé iṣẹ́ kò di olè lójú. Ìyá aládìrẹ nìkan ló dì lójú.

Kí wọ́n figbe ta.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Uber gbìyànjú ọgbọ́n ọ̀gá yìí. Ní 2016, àwọn olè kó àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 57 ènìyàn lọ́wọ́ wọn. Uber fún àwọn olè náà ní 100,000 dọ́là, wọ́n sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí di Oṣù Kọkànlá 2017. Nígbà tó tú, wọ́n san mílíọ̀nù 148 dọ́là fún àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ sì dá ọ̀gá ààbò wọn lẹ́bi ní 2022. Ẹ fi wé Norsk Hydro, àwọn tó ń ṣe alumíníọ̀mù ní Nọ́wè. Nígbà tí olè ti kọ̀ǹpútà wọn pa ní Oṣù Kẹta 2019, wọn kò san kọ́bọ̀ fún olè. Wọ́n jáde síta lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ìwé àti ọwọ́ ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nílé níbí, ní Nàìjíríà, àwọn oníbàárà Patricia, ilé iṣẹ́ owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gbọ́ pé olè ti wọlé láti 2022 títí di 2023, nígbà tí owó wọn ti há.

Òfin pàápàá ti parí àríyànjiyàn yìí. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú, èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2023, fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 péré, láti ìgbà tó bá ti mọ̀, láti sọ fún NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin náà. Bí ewu náà bá pọ̀ fún oníbàárà, kí wọ́n sọ fún òun náà lójú ẹsẹ̀, ní èdè tó ṣe kedere, kí wọ́n sì sọ ohun tó lè ṣe láti gba ara rẹ̀ là. Owó ìtanràn tó wà fún ilé iṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin yìí lè dé mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Síbẹ̀, ọ̀gá náà ń kọ́ àwọn ènìyàn láti panu mọ́!

Ìjọba náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ní Oṣù Kejìlá 2020, láàárín àrùn kòrónà, wọ́n ní wọ́n á ti láìnì ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè (NIN) pa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Arúgbó àti ọmọdé tò gbọọrọ níwájú ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN. Ní Oṣù Kẹfà 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fi hàn pé àwọn kan ń ta NIN aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦100. Wọ́n rí ti mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, Bosun Tijani, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, rà. ₦100 kò tó ra ewé ìrẹsì Ọ̀fàdà kan. Èsì NIMC ni pé kò sẹ́ni tó wọ ibi tí àwọn ń kó ìsọfúnni sí, pé àwọn tí kò gbàṣẹ ló ń tà á. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà lórí àtẹ kò béèrè ilẹ̀kùn tí olè gbà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá tòun wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Kí ilé iṣẹ́ dí ihò náà, kí wọ́n má pa ipasẹ̀ olè rẹ́, kí wọ́n kọ̀wé sí NDPC. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bọ́ sórí rédíò. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní èdè Yorùbá ní 1859, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé èdè yìí kò gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Lórí OGBC, rédíò Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Yorùbá tó dán mọ́rán: olè ti kó orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù yín lọ́wọ́ wa, PIN yín kò sí níbẹ̀, ẹni tó bá pè yín pé láti ọ̀dọ̀ wa lòun ti ń pè, ẹ pa fóònù, ẹ wá sí ọ́fíìsì wa, a ó dá yín lóhùn. Ìpolówó tí wọ́n fi ń wá oníbàárà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.